Bàbá Tí Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Fi Olómi Kéde Òkú

Mo bá Bàbá mi àgbà jà láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n kú. Ẹ má jẹ́ kí àyà yín já, ìjà àwo orin ni. Wọ́n pè mí lórí fóònù nígbà tí mi ò tíì fọ ẹnu, wọ́n ní àwọn ti tún ọ̀rọ̀ náà rò, pé àwo tí à ń pè ní Ẹlẹ́yẹ kò yẹ ní ipò kejì mọ́, kí n sọ fún Dayọ̀, ọ̀rẹ́ mi, pé àwọn ti dá a padà sí ipò kẹta. Mo ní, "Ẹ̀yin Bàbá yìí, ẹ ò lè máa yí i lójoojúmọ́ o." Wọ́n ní, "Ta ló ní n ò lè yí i? Ṣé ìwọ lo ni etí mi ni?" Mo ní kò burú, mo ń bọ̀ ní Sátidé, a ó jọ wò ó. Kí ilẹ̀ tó ṣú, fóònù mi tún dún. Dádì mi ni. Wọ́n ní, "Àníkẹ́, Bàbá ti lọ." Mo ní, "Wọ́n lọ síbo?"

Háà! Ẹni tó ń bá mi jiyàn láàárọ̀! Títí di bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, orí mi ò tíì gbà á. Wọn ò ṣàìsàn. Wọn ò ní inú ń run àwọn. Wọ́n jókòó sórí àga wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn ní Tudun Wada, ní Minna, wọ́n jẹ kósáì, àkàrà àwọn Hausa, tí Màmá Ladi, aládùúgbò wọn, gbé wá fún wọn. Màmá Ladi kí wọn, wọ́n dáhùn. Ó wọlé lọ gbé omi kaná, ó padà wá gba abọ́ rẹ̀, ó tún kí wọn, wọn ò dáhùn mọ́. Ó ní òun rò pé wọ́n ń gbọ́ orin ni, torí gbogbo ẹni tó mọ̀ wọ́n ló mọ̀ pé tí orin bá ń lọ, Bàbá kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Orin sì ń lọ lóòótọ́.

Mi ò fẹ́ kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn. Ìyẹn wà nínú ìwé ìsìnkú, pẹ̀lú fọ́tò kan tí wọ́n ti wọ kóòtù tí kò bá wọn mu. Irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́ ni mo fẹ́ sọ, àti ohun kan tí wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní tí àwọn bá kú, mi ò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àwo orin kan tí à ń pè ní Olómi kéde àwọn lórí rédíò. Ọ̀rẹ́ wọn tímọ́tímọ́, Alhaji Láwàní, sì ti búra lójú mi pé Olómi gan-an làwọn máa lò. Ẹ̀yin náà ẹ wo wàhálà tí wọ́n fi sílẹ̀ fún mi.

Kí n ṣàlàyé. Bàbá Rédíò ni gbogbo Tudun Wada ń pè wọ́n. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi paraku. Wọ́n wá ṣiṣẹ́ ní Minna nígbà tí wọn ò tíì níyàwó, wọn ò sì padà sílé mọ́ àfi tí wọ́n bá lọ ṣọdún. Iṣẹ́ wọn ni títọ́jú àwo orin ní ilé iṣẹ́ rédíò kan níbí. Àwọn ló mọ ibi tí gbogbo àwo wà, àwọn náà ló sì ń jókòó sẹ́yìn gíláàsì tí wọ́n ń fi orin sábẹ́ ohùn ẹni tó ń kéde. Ẹni tó ń kéde ni Alhaji Láwàní, ọmọ Ìlọrin tí ilé wọn wà ní Limawa. Wọ́n á fi Hausa kéde, wọ́n á tún fi Yorùbá kéde. Tí Alhaji bá fi ohùn wọn yẹn pe orúkọ olóògbé, ẹni tí kò mọ olóògbé náà rí á fi ṣíbí sílẹ̀.

Orin tí wọ́n á fi sábẹ́ ìkéde òkú ló ń dá wàhálà sílẹ̀ nígbà náà. Tí Bàbá bá fi dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì sí i, àwọn Mùsùlùmí á wá fẹjọ́ sùn, wọ́n á ní ṣé ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fẹ́ sin bàbá àwọn sí ni. Tí wọ́n bá wá èyí tó jọ ti Lárúbáwá, àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì á pariwo. Ọ̀gá wọn ní kí wọ́n wá orin tí kò ní ẹ̀sìn. Níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí i? Àfi ìgbà tí olùkọ́ òyìnbó kan ń padà sílé rẹ̀, tó kó páálí àwo kan fún ilé iṣẹ́ náà. Orin ẹgbẹ́ kan wà nínú rẹ̀, irú orin tí wọ́n ń pè ní trip-hop. Ìlù rẹ̀ wúwo, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀; obìnrin kan á máa kọrin lórí rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Gbogbo ọ́fíìsì gbọ́ ọ, wọ́n ní kí wọ́n kó o dànù, pé kò ṣeé jó, kò sì ṣeé fi gbàdúrà. Bàbá ní, "Kò ṣeé jó, kò ṣeé fi gbàdúrà? Ẹ gbé e wá."

Orúkọ ẹgbẹ́ olórin náà kò rọ̀ wọ́n lẹ́nu, ni wọ́n bá sọ wọ́n ní Ẹlẹ́sọ̀, torí ẹ̀sọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo nǹkan wọn. Èmi náà ò mọ orúkọ mìíràn pè wọ́n. Àwo mẹ́rin ni Ẹlẹ́sọ̀ ṣe kí wọ́n tó túká. Àwòrán ara páálí ni Bàbá fi ń pe àwọn àwo náà: Onílẹ̀kùn ni àkọ́kọ́, Olómi ni ìkejì, Ẹlẹ́yẹ ni ìkẹta, ìkẹrin tí kò ní àwòrán kankan ni Aláfunfun. Onílẹ̀kùn ni wọ́n fi sábẹ́ ìkéde òkú. Pásítọ̀ ò rí nǹkan wí sí i, Lemọ́ọ̀mù ò rí nǹkan wí sí i. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ó di pé bí Onílẹ̀kùn bá ti bẹ̀rẹ̀ lórí rédíò, gbogbo Minna á dákẹ́ láti gbọ́ ẹni tó kàn.

Dayọ̀ ò mọ èyí. Ọmọ Abẹ́òkúta ni Dayọ̀, ọmọ kíláàsì mi ní yunifásítì wa ní Gidan Kwano, alátakò ènìyàn, ẹni tó lè bá ògiri jiyàn. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ti mọ Ẹlẹ́sọ̀, ó sì máa ń bá àwọn tí kò rí rí jà níbẹ̀ nítorí àwo tó dára jù. Lọ́dọ̀ tiwọn níbẹ̀, Onílẹ̀kùn lọba, kò sí ẹni tó ń ta kò ó. Lọ́jọ́ kan a jọ wà nínú bọ́ọ̀sì, a ń bọ̀ láti iléèwé, ló bá yọ sípíkà kékeré kan nínú báàgì, ó ní òun fẹ́ la gbogbo wa lójú. Mo ní, "Dayọ̀, má ṣe é." Kò gbọ́. Bí ìlù Onílẹ̀kùn ṣe bẹ̀rẹ̀, bọ́ọ̀sì pa lọ́lọ́. Ìyá kan káwọ́ lérí. Dírẹ́bà tẹ búrékì, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Bida, ó yíjú padà. Ó ní, "Subhanallahi. Wa ya rasu?" Ó ń bi wá pé ta ló kú ni. Dayọ̀ ń wò ó, ó ń wò mí, ó ń wo sípíkà. Èmi ti ń rẹ́rìn-ín débi tí omi fi ń bọ́ lójú mi. Ìyá yẹn gbá mi léjìká, ó ní, "O ò tiẹ̀ nítìjú! Wọ́n ń kéde òkú, ò ń rẹ́rìn-ín!"

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo mú Dayọ̀ lọ kí Bàbá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé ìwọ lò ń gbé òkú kiri inú bọ́ọ̀sì?" Ó ní kí wọ́n má bínú, pé òun ò mọ̀ ni, ṣùgbọ́n pé Onílẹ̀kùn ṣì ni àkọ́kọ́ lójú òun. Ẹ wo ẹnu! Orí ìdọ̀bálẹ̀ ló wà o. Inú Bàbá dùn gan-an, mo rí i, wọ́n fa àga fún un. Wọ́n to tiwọn fún un: Olómi, Ẹlẹ́yẹ, Aláfunfun, Onílẹ̀kùn.

Dayọ̀ ní, "Bàbá! Onílẹ̀kùn gbẹ́yìn? Aláfunfun ṣíwájú ẹ̀? Aláfunfun tí àwọn tó ṣe é gan-an ò fẹ́ràn?"

Bàbá ní, "Ọmọ, nígbà tó dé, òun ló dára jù. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mi ò lè jẹun. Èmi ni mo lò ó tán. Ní báyìí, bó bá ti bẹ̀rẹ̀, orúkọ àwọn ènìyàn ni mò ń gbọ́."

Èmi tí mo dàgbà sọ́dọ̀ wọn, mi ò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu wọn rí. Láti ọjọ́ náà ni Dayọ̀ ti ń wá ní gbogbo Sátidé. Ó tún ń mú àwọn mìíràn dání, Halima àti àwọn méjì kan láti iléèwé, gbogbo wa á kó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, ariwo á bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà á rò pé a ń pín ogún.

Bàbá ní ọ̀nà tiwọn tí wọ́n fi ń díwọ̀n orin, kò sì jọ ti ẹnikẹ́ni. Dayọ̀ á máa ka ohun tí wọ́n kọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, pé ìlù ibí báyìí, pé ohùn ọ̀hún báyìí. Bàbá á ní kó sinmi. Wọ́n á fún un ní ìwé ìròyìn àná, wọ́n á ní, "Máa kà á sókè." Wọ́n á wá fi orin sábẹ́ ohùn rẹ̀. Ẹ wo Dayọ̀ tó ń fi gbogbo ara ka ìròyìn bọ́ọ̀lù, tí Ẹlẹ́sọ̀ ń lọ nísàlẹ̀, tí àwa yòókù ń fi ọwọ́ bo ẹnu! Ohun tí Bàbá ń wò ni bóyá orin náà á jẹ́ kí a gbọ́ ọ̀rọ̀. Wọ́n ní orin kan wà tí kì í fẹ́ kí ènìyàn sọ̀rọ̀ lójú òun, wọ́n ní aláìníwà ni. Orin karùn-ún nínú Ẹlẹ́yẹ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe é. Bí Dayọ̀ ṣe ń kà á, obìnrin inú orin náà ń já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, títí kò fi mọ ìlà tó ń kà mọ́. Wọ́n wá fi Olómi sí i. Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. Ìròyìn bọ́ọ̀lù lásán ni, ṣùgbọ́n Halima bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní, "Kai, kí ló ń ṣe mí báyìí?" Bàbá pa ẹ̀rọ orin náà. Wọ́n ní, "Ó tó. Mi ò fẹ́ kí ó mọ́ yín lára."

Ìdí èyí ni wọ́n ṣe kọ̀ kí wọ́n lo Olómi fún nǹkan kan níbi iṣẹ́. Ìgbéyàwó o, ìpolówó ọṣẹ o, ọmọ tó sọnù o, wọ́n ní rárá. Ọ̀gá wọn kan ta etí gbọ́ ọ nígbà kan, ó ní kí wọ́n máa fi í ṣíwájú ìròyìn. Bàbá ní ó mà ṣe o, àwo náà ti fọ́. Bàbá tó jẹ́ díákónì o! Àwo wà nínú àpò agbádá wọn níbi tí wọ́n ti ń sọ ọ́. Alhaji Láwàní ló sọ ọ́ fún wa, lójú Bàbá gan-an, gbogbo wa sì yíjú sí wọn, à ń retí kí wọ́n sẹ́. Wọ́n ní, "Mo ti bá Ọlọ́run sọ ọ́. Ó ye Ọlọ́run."

Wọn kì í fi ọwọ́ lásán mú àwo. Wọ́n á da omi sínú abọ́, wọ́n á po ọṣẹ díẹ̀ sí i, wọ́n á fọ àwo bí ẹni ń fọ ọmọ tuntun, wọ́n á fi gèlè àtijọ́ Ìyá àgbà nù ún gbẹ. Iná mànàmáná Minna ni ọ̀tá wọn. Tí wọ́n bá mú iná lọ láàárín orin, Bàbá ò ní dìde. Wọ́n á jókòó síbẹ̀ títí iná á fi dé, tó bá dé tán, wọn ò ní gbà kí a máa bá a lọ láti ibi tó dúró sí, àfi kí a dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá. Nítorí èyí, mo mọ orin àkọ́kọ́ nínú Olómi ju orúkọ àwọn ìbátan mi lọ, ṣùgbọ́n mo ti wọ yunifásítì kí n tó gbọ́ èyí tó gbẹ̀yìn. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí á ra bátìrì olóòrùn. Wọ́n ní, "Kí ló ń lé ẹ?"

Alhaji Láwàní nìkan ló lè já lu ọ̀rọ̀ wọn. Lẹ́yìn tí àwọn méjèèjì fẹ̀yìn tì, ojoojúmọ́ ni Alhaji ń wọ kẹ̀kẹ́ wá láti Limawa. Wọ́n á ní, "Sannu, Ẹ̀gbọ́n." Bàbá á ní, "Yauwa, Láwàní, o tún dé." Wọ́n á jókòó, kò ní pẹ́ tí ariwo á ta. Alhaji gbà pé Olómi ni àkọ́kọ́. Ibẹ̀ kọ́ ni ìjà wọn wà. Ìjà wọn ni pé kí ló dé tí ohun tó jẹ́ àkọ́kọ́ yóò fi wà nínú àpò, tí wọn ò ní lò ó fún ẹni tó tọ́ sí. Mo rò pé eré ni, àfi ìgbà tí Alhaji sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà ikú Ìyá àgbà fún mi. Bàbá ti wọlé lọ sùn lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Tí ẹ bá rí bí ẹnu ṣe yà mí!

Ìyá àgbà kú nígbà tí mo kéré, mi ò mọ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé tí àwọn méjèèjì bá ti jẹun ọ̀sán tán, Olómi ni wọ́n jọ ń gbọ́. Ìyá á na ẹsẹ̀ lé àpótí, wọ́n á di ojú, kò sí ẹni tó máa sọ̀rọ̀ títí orin á fi tán tàbí tí iná á fi lọ. Alhaji ní nígbà tí Ìyá kú, Bàbá ò gbà kí ẹlòmíràn jókòó sẹ́yìn gíláàsì. Gbogbo ilé iṣẹ́ ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n lọ sinmi, wọ́n kọ̀. Alhaji ní àwọn ti mọ̀ nínú ara àwọn pé ọjọ́ Olómi ló dé yẹn. Alhaji jókòó, iná pupa tó ń fi hàn pé a ti wà lórí afẹ́fẹ́ tàn, wọ́n ka ìlà àkọ́kọ́. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni Onílẹ̀kùn! Orin tí wọ́n fi kéde gbogbo ayé, ẹni rere àti ẹni burúkú. Alhaji ní ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn. Bí wọ́n ṣe kà á tán, wọ́n jáde sí Bàbá tìbínú-tìbínú, wọ́n ní, "Haba, Ẹ̀gbọ́n! Ìyàwó yín! Ìyàwó yín lẹ fi orin gbogbo ayé kéde!"

Bàbá ń nu àwo lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Láwàní, lọ́la mo fẹ́ gbọ́ Olómi. Tí mo bá lò ó lónìí, ta ni n óò bá gbọ́ ọ lọ́la?"

Alhaji bínú débi pé wọn ò bá Bàbá sọ̀rọ̀ mọ́ bí kò ṣe ti iṣẹ́. Ààwẹ̀ wọlé, ààwẹ̀ tán, ọdún kékeré kọjá. Àfi nígbà tí Iléyá dé, Alhaji gbé ẹran wá. Bàbá gba ẹran, àwọn méjèèjì jẹ ẹ́, àríyànjiyàn sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n fi í sí. Mo bi Alhaji pé ṣé wọ́n ti wá gba ọ̀rọ̀ Bàbá ni. Wọ́n ní, "Láéláé! Mo kàn gbà pé mi ò ní ọ̀rẹ́ mìíràn ni."

Nígbà tó yá ni Alhaji wá búra. Èmi, Dayọ̀ àti Halima wà níbẹ̀. Alhaji na ìka sí Bàbá, wọ́n ní, "Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ̀yin lẹlẹ́rìí. Wallahi, tí Ẹ̀gbọ́n bá ṣáájú mi, Olómi ni n óò fi kéde wọn. Gbogbo Minna á gbọ́ ọ. Kò sí ohun tí wọ́n lè fi mí ṣe, wọ́n ti kú!" Bàbá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń húkọ́. Wọ́n ní, "Àníkẹ́ á dá ọ lẹ́kun." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n lọ tán, tí mo ń kó ife, Bàbá di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní, "Mi ò ṣeré o. Ìwọ lo máa máa gbọ́ ọ lẹ́yìn mi. Má jẹ́ kí wọ́n bà á jẹ́ fún ọ."

Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣe é? Nígbà tí wọ́n kú tán, tí ẹbí kóra jọ, ohun àkọ́kọ́ tí Dádì mi sọ nígbà tí wọ́n dé orí ọ̀rọ̀ ìkéde ni pé kí wọ́n lo èyí tí Bàbá fẹ́ràn jù. Gbogbo ilé ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo dìde, mo ní Bàbá ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ṣàlàyé, kò yé ẹnì kankan. Dádì ní, "Àníkẹ́, ṣé èyí tí wọn ò fẹ́ràn lo fẹ́ kí n fi kéde bàbá mi ni? Kí làwọn ènìyàn máa sọ?" Mo wo Alhaji Láwàní, pé wọ́n á bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn fúnra àwọn máa lọ kà á, pé ilé iṣẹ́ ti gbà. Inú bí mi, ó bí mi gan-an. Mo pe Dayọ̀, ó ní kí n fi àwo náà pamọ́. Ọ̀rọ̀ òmùgọ̀! Ta ni kò ní Olómi lórí fóònù lónìí? Tí mo bá tiẹ̀ gbé àwo náà mì, wọ́n á rí orin rẹ̀ lò.

Mo bá Dádì àti Alhaji lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò. Mo gbé àwo náà dání nínú gèlè Ìyá àgbà. Nínú ọkọ̀, mo ń rò ó pé láti ìrọ̀lẹ́ òní lọ, bí orin yẹn bá ti bẹ̀rẹ̀ níbikíbi, àwọn ènìyàn á fi ṣíbí sílẹ̀. Èmi náà ò ní gbọ́ Bàbá mọ́ nínú rẹ̀, òkú wọn ni n óò máa gbọ́. Nígbà tí a dé ibẹ̀, mo kúnlẹ̀ fún Alhaji ní kọ́ridọ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Ẹ má bá mi lò ó." Ojú wọn pupa. Wọ́n gbé mi dìde, wọ́n gba àwo lọ́wọ́ mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, mo ti sọ ọ́ lójú Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n gbọ́." Wọ́n fún ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ ní àwo. Musa ni orúkọ rẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ni. Musa ní, "Alhaji, ìgbà wo ni kí n gbé e wọlé?" Alhaji ní àwọn á gbé ọwọ́ sókè.

Mo dúró sẹ́yìn Musa. Dádì mi dúró sí ẹnu ọ̀nà. Alhaji jókòó sí òdì kejì gíláàsì, wọ́n tún fìlà ṣe, wọ́n sún mọ́ ẹ̀rọ agbóhùnsókè. Iná pupa tàn. Wọ́n ní, "Pẹ̀lú ọkàn tó wúwo, àwa ọmọ, àwa ọmọ-ọmọ, àti gbogbo ẹbí, a kéde ikú bàbá wa." Ohùn yẹn! Wọ́n dákẹ́. Wọ́n gbé ojú sókè sí gíláàsì. Ìka Musa wà lórí bọ́tìnnì, ó ń wo ọwọ́ Alhaji. Ọwọ́ náà wà lórí tábìlì. Mo di ojú mi, mo ń retí ìlù.

Ìlù kò dún. Alhaji tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n pe orúkọ Bàbá lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, àti ti Ògbómọ̀ṣọ́, àti ti Tudun Wada. Wọ́n tún dákẹ́, wọ́n tún wo gíláàsì, ó pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Musa yíjú sí mi, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń bi mí pẹ̀lú ojú pé kí ni kí òun ṣe. Mi ò lè gbé orí, mi ò lè gbé ọwọ́. Báyìí ni Alhaji ka ìkéde náà dé ìparí, ní Yorùbá, ní Hausa, láìsí orin kankan lábẹ́ rẹ̀. Ohùn wọn nìkan, àti bí wọ́n ṣe ń mí. Iná pupa kú. Fóònù Dádì mi ti ń dún, àwọn ará Minna ń pè, wọ́n ń bèèrè ohun tó ba rédíò jẹ́.

Dádì já wọlé tọ Alhaji lọ, àwa náà tẹ̀ lé wọn. Wọ́n ní, "Alhaji! Orin ńkọ́? Ẹ ní ẹ máa gbé ọwọ́ sókè, ẹ ò gbé e!"

Alhaji wo ọwọ́ wọn lórí tábìlì. Wọ́n ní, "Ọwọ́?" Wọ́n gbọn orí díẹ̀díẹ̀. "Gbogbo ọdún tí mo fi kéde níbí, mi ò gbé ọwọ́ sí Ẹ̀gbọ́n rí. Tí mo bá ti dákẹ́ báyìí, wọ́n á gbé orin wọlé fúnra wọn. Mo dákẹ́. Mo tún dákẹ́." Wọ́n gbé ojú sí gíláàsì, níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni, wọn ò sì gbé e kúrò níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ní, "Àníkẹ́, mò ń dúró dè wọ́n ni."